Ká Dín In Kù Díẹ̀díẹ̀ Ni, àbí Ká Gé E Lẹ́ẹ̀kan Náà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Yíyí Oúnjẹ Padà

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún èèyàn nílé ìwòsàn kì í gùn: ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ jìnnà sí ṣúgà, ẹ jẹ́ kí òkèlè yín kéré, ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ohun tí wọn kì í sábà ráyè ṣàlàyé ni bí èèyàn ṣe máa bẹ̀rẹ̀ tó bá délé. Ṣé kí gbogbo rẹ̀ yí padà láti òwúrọ̀ ọ̀la ni, àbí kí á máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí. Mo ń dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dáná fún ilé tí àgbà àti ọmọdé wà, tó sì máa ń ka ohun tí àwọn olùwádìí bá rí. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó fi ọ̀rọ̀ lọ dókítà rẹ̀ kó tó yí ohunkóhun padà.

Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí fún wa: èwo ló dára jù nínú méjèèjì?

Ohun tí ẹ ń rà níta, ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ẹ ń sè nínú ìkòkò yín, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tí àìsàn tàbí oògùn bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ni yóò pinnu bí ẹ ṣe máa yára tó.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò, gálà inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bisikíìtì ìdí ọjà, ìpinnu kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo wọn: kí a rà á, tàbí kí a má rà á. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dín wọn kù díẹ̀díẹ̀ yóò máa bá ara rẹ̀ dúnàádúrà lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá sì rẹ̀ ẹ́ gan-an, yóò rà á. Ọbẹ̀ ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́, ahọ́n kálukú sì ti mọ bó ṣe yẹ kó rí. Tí ẹ bá yọ iyọ̀ àti magí kúrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn ò ní jẹ ẹ́ tán, ẹ̀yin gan-an ò ní gbádùn rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ẹ ó ti padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀.

Kí ló dé tí iyọ̀ fi jẹ́ ohun tí a máa fi sùúrù dín kù?

Nítorí pé ahọ́n máa ń kọ́ ohun tuntun, àmọ́ kì í tètè kọ́ ọ. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi àwọn ọ̀dọ́ sórí oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré fún oṣù márùn-ún, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1982. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n ni àwọn ọ̀dọ́ náà wá fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn fẹ́ràn rẹ̀, ahọ́n wọn ló yí padà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún odindi orílẹ̀-èdè. Láti nǹkan bí ọdún 2003, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti oúnjẹ inú páálí pé kí wọ́n máa bu iyọ̀ wọn kù ní ìwọ̀nba, ìpele kan lẹ́yìn èkejì. Iyọ̀ tí àgbàlagbà kan ń jẹ lóòjọ́ wálẹ̀ láti nǹkan bíi giramu 9.5 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 sí nǹkan bíi 8.1 ní 2011. Búrẹ́dì kan náà ni àwọn èèyàn ṣì ń rà, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà nínú rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ ṣe pọ̀ nínú ọbẹ̀ wa: magí kan di méjì, méjì di mẹ́rin, a ò sì mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tó gbà wọlé ni kí ẹ jẹ́ kó gbà jáde.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe é gan-an nínú ilé ìdáná?

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́ kò tó giramu márùn-ún iyọ̀, ìyẹn ni pé kó má kún ṣíbí ìmutíì kan. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ o, ti inú ọbẹ̀, ti inú magí, ti inú búrẹ́dì àti ti inú Indomie.

Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ kàn da iyọ̀ tí ẹ mọ̀ pé ó tó fún ọ̀sẹ̀ kan sínú agolo kékeré kan, kí ẹ sì máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n dípò kí ẹ máa fi ọwọ́ wọ́n ọn. Ẹ máa ka magí tí ẹ ń tú náà. Ó máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó tún yọ òmíràn. Ẹ má kánjú, ẹ jẹ́ kí ahọ́n bá yín dé ibi tí ẹ wà ná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á dín iyọ̀ kù, wọ́n á wá fi magí dí i. Nǹkan bí ìdajì magí ni iyọ̀. Ẹ yí ìdí páálí rẹ̀ padà, iyọ̀ ni ẹ ó bá tí wọ́n kọ sí iwájú àwọn èròjà rẹ̀. Méjèèjì ni kí ẹ jọ máa bù kù.

Kí wá ni yóò mú ọbẹ̀ dùn? Ẹ gbé ẹ̀fọ́ rírò yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí ata àti tàtàsé tí ẹ lọ̀ hó títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ kí ẹ tó fi epo sí i. Kíkorò àti kíkan rẹ̀ yóò lọ, adùn rẹ̀ yóò jáde. Ẹ gé àlùbọ́sà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi irú tí ẹ ṣà dáadáa sínú epo gbígbóná kí ata tó wọ̀ ọ́, kí òórùn rẹ̀ lè tàn ká. Edé lílọ̀ àti ẹja yíyan máa ṣe iṣẹ́ magí méjì. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ sọ̀ ni kí iyọ̀ wọ̀ ọ́, torí iyọ̀ ìparí ni ahọ́n máa ń tètè gbọ́. Kìkì pé kí ẹ tọ́ irú àti ẹja gbígbẹ wò kí ẹ tó lò wọ́n, àwọn kan wà tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa mọ́.

Wọ́n ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìwà tuntun fi ń mọ́ èèyàn lára. Ṣé òótọ́ ni?

Mi ò fara mọ́ ọn. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96 tí kálukú wọn yan ohun kan tó fẹ́ máa ṣe lójoojúmọ́, irú bíi kó máa jẹ èso pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín. Ti àwọn kan gba ọjọ́ 18 péré, ìṣirò fi hàn pé ti ẹlòmíràn lè tó 254. Ohun tó rọrùn ló tètè ń mọ́ni lára.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi nínú ìwádìí náà ni pé ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ kò pàdánù iṣẹ́ tó ti ṣe. Nítorí náà, tí ẹ bá lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín síwájú yín, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ bá wọn yọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ padà sí ṣíbí yín.

Ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ni mò ń mu lóòjọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹyọ kan?

Rárá, ẹ fi í sílẹ̀. Ìgò 50cl kan lè ní tó giramu 50 ṣúgà nínú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára tiyín, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbogbo ṣúgà àfikún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ 2,000 kálórì má kọjá lóòjọ́ nìyẹn, ẹ ò sì tíì jẹ ohun mìíràn. Ìjọba Nàìjíríà gan-an fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu tó ní ṣúgà nínú òfin ìnáwó ọdún 2021, torí pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti ìlera ìlú.

Ẹ má jẹ́ kí ó wọ ilé mọ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́ máa nira, ẹ gbé omi tútù síbi tí ọwọ́ yín ti ń tó o. Sóbò tí ẹ fi atalẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó sè láìfi ṣúgà sí i dára púpọ̀. Mọ́ọ̀tì kò yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìndòdò nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé e fún aláboyún àti ẹni tó ń gbádùn bọ̀ láti àìsàn.

Ṣúgà tí ẹ ń fi sí ògì àti tíì ńkọ́? Èyí jẹ́ ti ilé ìdáná, òfin ìkòkò ló bá a lọ. Kúbù mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta, kí ẹ dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sọ ọ́ di méjì.

Mo jáwọ́ nínú obì àti kọfí lọ́jọ́ kan náà, orí wá ń fọ́ mi bí ẹni pé yóò là. Kí ló fà á?

Káfíìnì ni. Ó wà nínú obì, ó wà nínú kọfí, ó wà nínú tíì. Ara tó ti mọ́ lára máa ń fi orí fífọ́, òòyì àti ìkanra béèrè rẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ tán. Kì í ṣe àìsàn, àmọ́ ó máa ń dá àwọn èèyàn padà. Tí ẹ bá ń jẹ obì púpọ̀, ẹ máa yọ awẹ́ kan kúrò ní gbogbo ọjọ́ mélòó kan.

Ṣé kí n jáwọ́ nínú òkèlè pátápátá?

Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi iyán àti àmàlà tọ́ dàgbà, tó wá búra pé òun ò ní jẹ òkèlè mọ́, oúnjẹ baba rẹ̀ ló ń bá jà, mi ò sì rí ọ̀pọ̀ tó borí nínú ìjà yẹn. Bí òkèlè ṣe tóbi tó, àti ohun tó yí i ká, ni kí ẹ mú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń dì í. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, inú ọ̀rá ni wọ́n ń di ẹ̀bà tàbí fùfú sí. Ẹni tó ń dì í ló ń pinnu bí kálukú ṣe máa jẹun tó. Kí ó dì í kéré díẹ̀ sí ti àná. Kò sẹ́ni tó máa ṣí ọ̀rá tó máa fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja tàbí ẹ̀wà inú abọ́ pọ̀ sí i bí òkèlè ṣe ń kéré, kí ebi má bàa pa yín lóru. Ewédú nìkan kò tó, ẹ fi gbẹ̀gìrì kún un.

Ẹ gbọ́ èyí náà: ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n fi wíìtì rọ́pò iyán, wọ́n wá ń jẹ wíìtì tó ga tó òkìtì. Sítáàṣì ni wíìtì náà. Tó bá pọ̀ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa gòkè bákan náà.

Mo ní àtọ̀gbẹ, mo sì fẹ́ yí gbogbo oúnjẹ mi padà lọ́la. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ó wà, pàápàá tí ẹ bá ń gún insulin tàbí tí ẹ bá ń lo glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil. Oògùn wọ̀nyẹn ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, yálà ẹ jẹun tàbí ẹ ò jẹun. Tí òkèlè bá já sí ìdajì lójijì tí oògùn sì wà bó ṣe wà, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù. Àmì rẹ̀ ni òógùn, ọwọ́ gbígbọ̀n, ebi òjijì, àyà tó ń já pìpì, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara. Tó bá ṣẹlẹ̀, tí ẹni náà bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà tàbí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ara rẹ̀ kò bá tètè wálẹ̀. Tó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ sáré gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìyípadà òjijì ti ṣe iṣẹ́ ńlá fún àwọn alátọ̀gbẹ kan lábẹ́ ojú dókítà. Ní Scotland àti àríwá England, wọ́n fi àwọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, tí wọn ò sì gún insulin, sórí oúnjẹ olómi tí kò ju nǹkan bíi kálórì 850 lọ lóòjọ́ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bíi 46 nínú 100 wọn ni ṣúgà wọn ti padà sísàlẹ̀ ìwọ̀n àtọ̀gbẹ láìlo oògùn, nígbà tó jẹ́ 4 nínú 100 láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dá oògùn àtọ̀gbẹ wọn dúró, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ oúnjẹ ń rí wọn déédéé, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì dá oúnjẹ gidi padà fún wọn. Ẹ má dá irú rẹ̀ ṣe nínú yàrá yín.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó yára rù máa yára sanra padà?

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn, àwọn olùwádìí ní Melbourne, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pín èèyàn 200 sí méjì: apá kan fi ọ̀sẹ̀ 12 rù, apá kejì fi ọ̀sẹ̀ 36. Èsì náà jáde ní 2014. Nínú àwọn tó yára, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló dé ibi tí wọ́n fojú sùn. Nínú àwọn tó rọra ń lọ, ìdajì péré ni. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àwọn méjèèjì ti gba nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ara tí wọ́n sọ̀ padà. Kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sóhun tó burú nínú kíkánjú fúnra rẹ̀. Bí ilé ṣe ń jẹun lẹ́yìn tí ìtara bá ti tán ni iṣẹ́ wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìkòkò.

Àwọn wo ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé “díẹ̀díẹ̀”?

Ẹni tí ẹ̀pà, edé tàbí ẹyin ń bá ara rẹ̀ jà, tí ètè rẹ̀ ń wú tàbí tí èémí rẹ̀ ń há. Kó gé e lónìí. Bákan náà ni ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní àìsàn siliaki, tí wíìtì ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́.

Àwọn wo ni kò gbọ́dọ̀ gé e lójijì?

Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́. Mo ti sọ pé kí ẹ gé ohun tí ẹ ń rà, ọtí irú ẹni yìí yàtọ̀. Tó bá dá a dúró lójijì, ara rẹ̀ lè gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti bá a dá a dúró.

Àwọn ohun kan sì wà tí kò yẹ kí ẹ fi kún oúnjẹ lójijì. Ẹ̀wà, èso àti ẹ̀fọ́ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń fẹ́ inú. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ sì máa mu omi. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ tútù rẹpẹtẹ láìsọ fún dókítà rẹ̀, torí fítámì K inú rẹ̀ máa ń dín agbára oògùn náà kù.

Iyọ̀ tí wọ́n fi potassium rọ́pò apá kan rẹ̀ wúlò gidigidi. Ní Ṣáínà, ìwádìí kan ní abúlé 600, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, rí i pé rọpárọsẹ̀ dín kù láàárín àwọn tó ń lò ó. Àmọ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa, tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril tàbí spironolactone, lè kó sínú ewu. Kó béèrè kó tó rà á.

Ìyá ọkọ mi ní ọbẹ̀ mi kò dùn mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má se ìkòkò méjì. Ìkòkò méjì máa ń sọ ẹni tó ń ṣàìsàn di àlejò nínú ilé, àwọn ọmọ á sì máa rí ọbẹ̀ oníyọ̀ bí ọbẹ̀ gidi. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé fún màmá pé ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ wọn ló fà á, pé dókítà ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ yín bí àwọn ìyá wọn ṣe ń se ẹ̀fọ́ kó tó di pé magí pọ̀ lọ́jà. Àgbà tí a bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ ó bá irú wọn, ẹ̀fínrín wọn àti ọgbọ́n ọwọ́ wọn níbẹ̀.

Ẹ ti sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ó tó. Kò pọn dandan kí ẹ máa kéde gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún dín ṣíbí kù.

Ṣé ààwẹ̀ Ràmàdáánì tàbí Lẹ́ńtì dára láti fi bẹ̀rẹ̀?

Ó dára, torí gbogbo ilé ló jọ yí àkókò oúnjẹ padà, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè pé kí ló dé. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ fi ń ṣínu: àkàrà, ohun dídùn àti ẹlẹ́rìndòdò lè pọ̀ ju ohun tí ẹ kò jẹ lọ́sàn-án lọ. Alátọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ààwẹ̀ tó dé.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, oúnjẹ inú páálí ló pọ̀ jù ní ilé mi. Kí ni kí n wò?

Ẹ wo iyọ̀ inú giramu 100. Níbẹ̀, tó bá ju giramu 1.5 lọ, wọ́n kà á sí púpọ̀, òun ni wọ́n máa ń fi àwọ̀ pupa sí. Tí kò bá ju 0.3 lọ, ó kéré. Fún ṣúgà, ohun tó ju 22.5 lọ ni púpọ̀. Páálí tó bá pupa, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Fún iyọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru lè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá tí agbára yín bá ká a, tàbí kí ẹ lọ sí ilé oògùn tó wà nítòsí. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ yín má kọjá ara wọn, kí apá yín wà ní ìbámu pẹ̀lú àyà. Ẹ ti tọ̀ kí ẹ tó jókòó, ẹ má sì ṣe é lẹ́yìn obì tàbí kọfí. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ iye ṣíbí iyọ̀ àti magí tí ilé lò lọ́sẹ̀ yẹn. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé lọ fún dókítà, kí ó rí i kó tó dín oògùn yín kù tàbí kó fi kún un. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró torí pé nọ́ńbà ti wálẹ̀.